Ta Ló Ti Wo Òdòdó Igi Irú Rí?

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Mo ka gbogbo ewì tó wà nínú ìwé ẹgbẹ́ wa tó jáde kẹ́yìn, láti ojú ewé kìn-ín-ní títí dé ibi tí fotokọ́pì ti dúdú tí èèyàn ò rí nǹkan kà mọ́, róòsì ni mo ṣáà ń bá pàdé. Róòsì fún olólùfẹ́. Róòsì lórí ibojì. Róòsì ẹlẹ́gùn-ún tó gún akéwì lọ́kàn. Ẹnì kan tiẹ̀ mú dáfódìlì wọ inú ewì tirẹ̀, ó ní ó ń jó nínú afẹ́fẹ́ lẹ́yìn ilé bàbá òun. Èmi ò mọ ilé bàbá ẹ̀ o, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé dáfódìlì kì í hù lẹ́yìnkùlé ẹnikẹ́ni láti Lọ́kọ́ja títí dé Ẹ̀gbẹ̀.

Kì í ṣe pé mo kórìíra róòsì. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ọ̀pọ̀ wa tó kọ ewì yẹn, róòsì kan ṣoṣo tí a ti fọwọ́ kàn ni èyí tí wọ́n fi rọ́bà ṣe, tí wọ́n ń tà ní ọjọ́ Fálẹ́ńtáìnì. Tí akéwì bá ń ya ohun tí kò rí rí lò, òǹkàwé á mọ̀. Kò ní sí òórùn nínú ewì náà, kò ní sí kòkòrò lára òdòdó náà, kò ní sí ẹrẹ̀ ní ìdí ẹ̀. Ó kàn máa jókòó síbẹ̀ bí àlejò tí wọn ò fún lómi.

Nítorí náà, lọ́tẹ̀ yìí, mi ò fẹ́ fi ewì ṣe àríwísí ewì. Iṣẹ́ ọnà mìíràn ni mo fẹ́ mú wá jókòó tì wá: kéèyàn lọ sínú igbó, kó já òdòdó àti ewé tí ẹnikẹ́ni ò gbìn, kó tẹ̀ wọ́n mọ́ àárín ìwé títí wọ́n á fi gbẹ, kó sì tò wọ́n sórí pépà kí wọ́n di àwòrán. Ó jọ eré ọmọdé, àbí? Ẹ dúró ná.

Akéwì ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ wa. Emily Dickinson, ọmọ Amẹ́ríkà, ni wọ́n bí ní 1830, ó sì kú ní 1886. Ewì tó kọ sílẹ̀ sún mọ́ 1,800, àwọn tó sì jáde nígbà ayé ẹ̀ kò ju nǹkan bíi mẹ́wàá lọ. Ṣùgbọ́n kó tó di akéwì, nígbà tó ṣì ń lọ sí Amherst Academy tí wọ́n ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ nípa ewéko, ó ti ṣe ìwé kan tí kò ní ewì nínú rárá. Òdòdó gbígbẹ ló wà nínú ẹ̀, 424 lójú ewé 66. Ó fi pépà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ di igi òdòdó kọ̀ọ̀kan mú, ó sì fi ọwọ́ kọ orúkọ wọn sí abẹ́ wọn. Ìwé náà wà ní Houghton Library ní Yunifásítì Harvard. Ó ti gbó débi pé wọn kì í jẹ́ kí àwọn olùwádìí fọwọ́ kàn án mọ́. Ẹ̀dà tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2006 àti àwòrán ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo èèyàn ń wò.

Mo wo àwọn àwòrán yẹn lórí fóònù, mo sì sún wọn mọ́jú dáadáa. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ bí a ṣe ń yan nǹkan, tó sì ń kọ́ bí a ṣe ń fi àyè sílẹ̀. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ á to òdòdó bí ẹni ń to ìṣáná sínú páálí. Òun a máa jẹ́ kí igi kan tẹ̀ díẹ̀ sí ọ̀tún, a sì fi èyí tó kéré sí ibi tí èyí tó tóbi yà kúrò. Àárín wọn funfun, funfun náà sì ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ti ka ewì ẹ̀, tó mọ bó ṣe ń gé gbólóhùn kúrú tó sì ń fi àlàfo sí ibi tí ẹlòmíràn máa kó ọ̀rọ̀ dí, kò ní nílò kí n ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kó tó fi ọ̀rọ̀ ṣe é ló ti fi òdòdó ṣe é.

Ṣùgbọ́n mo ní ẹjọ́ pẹ̀lú ìwé yẹn. Orúkọ Látìn ló gba iwájú níbẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, mi ò bá a jà. Síbẹ̀, tí mo bá ń wò ó, ó máa ń wù mí kí n mọ ohun tí ìyá tó ń fọṣọ nílé wọn ń pe òdòdó yẹn, tàbí ohun tí ọmọ tó ń da màlúù ń pè é. Ìwé náà ò dáhùn. Ẹwà wà níbẹ̀, ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀, àwọn aládùúgbò ò sí níbẹ̀.

(Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ ọmọdébìnrin nìkan ni èyí, kó wá Mary Delany lọ sí British Museum. Ẹni ọdún 72 ni, opó, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí gé pépà aláwọ̀ lẹ́ẹ̀lẹ́ẹ̀ láti fi ṣe òdòdó sórí pépà dúdú ní 1772. Nígbà míì a máa lẹ ewé gidi mọ́ ọn. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 1,000 kí ojú tó dá a dúró ní 1782. Ọ̀rọ̀ ti “mo ti dàgbà jù” parí síbẹ̀.)

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sílé. Mopa ni mo ti ń kọ èyí, nínú ọyẹ́, ètè mi ti là. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí tẹ òdòdó mọ́ àárín ìwé ìròyìn àtijọ́, ohun àkọ́kọ́ tó dojú kọ mí ni ọ̀rọ̀ fúnra ẹ̀. Òdòdó. Kí ni òdòdó? Ẹ ṣí Bíbélì Yorùbá, ìwé Àìsáyà orí kìn-ín-ní, níbi tí wọ́n ti fi ẹ̀ṣẹ̀ wé àwọ̀ pupa: òdòdó ni wọ́n pe àwọ̀ náà. Aṣọ òdòdó, aṣọ pupa fòò. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń jẹ́ ìtànná ewéko, tó tún ń jẹ́ àwọ̀ aṣọ olówó ńlá. Ní ilẹ̀ Okun níbí, ọ̀rọ̀ aṣọ pupa kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ. Àwọn Bùnú ló ń hun aṣọ ìpò, aṣọ pupa tí wọ́n fi ń sin èèyàn ńlá, tí wọ́n sì fi ń wọ egúngún. Òwú pupa tí wọ́n tú lára aṣọ òkèèrè ni wọ́n máa ń fi hun ún. Elisha Renne kọ odindi ìwé lé aṣọ Bùnú lórí ní 1995, ó sì pe àkọlé ẹ̀ ní aṣọ tí kì í kú. Ẹ wá wo nǹkan: àwọn baba wa mú pupa tó ti òkun wá, wọ́n tú u fọ́nrán fọ́nrán, wọ́n tún un hun kó lè bá òkú lọ. Ẹni tó bá ní títọ́jú ohun tó ti kú kó lè máa dára kì í ṣe àṣà wa, kó lọ bèèrè ní Bùnú.

Síbẹ̀, mo gbọ́dọ̀ gbà pé ojú Yorùbá kì í kọ́kọ́ lọ síbi òdòdó. Ewé ni. Ewé ló ń jẹ́; òdòdó kì í jẹ́. Pierre Verger, ọmọ Faransé tí wọ́n fi jẹ babaláwo ní Kétu, tó di Fátúmbí, fi ọ̀pọ̀ ọdún kó ìmọ̀ ewéko jọ lọ́wọ́ àwọn babaláwo wa. Nígbà tí ìwé ńlá ẹ̀ jáde ní 1995, ọ̀rọ̀ kan ló fi ṣíwájú nínú àkọlé ẹ̀: Ewé. Kò pè é ní òdòdó, ó sì tọ̀nà. Ẹ wo akòko. Kò sí ìlú Yorùbá tí wọn ò mọ̀ ọ́n. Òun la ń fi sí orí ẹni tí a bá fi joyè. Ta ló wá lè sọ fún mi bí òdòdó akòko ṣe rí? Ó ní òdòdó o. Ó rí bíi fèrè kékeré, àwọ̀ àlùkò tó ti ṣì, wọ́n á so jọ lókè orí igi. A ti ń kọjá lábẹ́ ẹ̀ láti kékeré.

Mo gbé àwọn tí mo tẹ̀ lọ bá ìyá àgbà wa, mo ní kí wọ́n bá mi dárúkọ wọn. Wọ́n mú ọ̀kan, wọ́n yí i síwá yí i sẹ́yìn, wọ́n bi mí ní èdè Yàgbà wa (mo yí i sí ti ìwé níbí), wọ́n ní, “Kí lo fẹ́ fi ṣe?” Mo ní mi ò fẹ́ fi ṣe nǹkan kan, mo kàn fẹ́ mọ orúkọ ẹ̀ ni. Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, “Tí o ò bá fẹ́ fi ṣe nǹkan kan, kí lo wá já a fún?”

Ìbéèrè yẹn lágbára ju gbogbo àríwísí tí mo ti kà nípa iṣẹ́ ọnà yìí lọ. Mo ti ń rò ó láti ọjọ́ náà. Èsì tí mo rí fún un ni pé orúkọ ewéko wa fúnra wọn ti jẹ́ iṣẹ́ ọnà, àwọn tó sọ wọ́n lórúkọ sì ti fara balẹ̀ wò wọ́n ju bí akéwì wa ṣe wo róòsì lọ. Patanmọ́: ewé tí èèyàn bá fọwọ́ kàn, á pa itan ẹ̀ mọ́ bí ọmọge tó mọ ìwà hù. Ṣawerepèpè, èyí tí èso ẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ aṣọ tí kò fẹ́ kúrò: ẹ kàn pe orúkọ náà sókè, ẹ máa gbọ́ bó ṣe ń lẹ̀. Ìmí eṣú, ẹni tó fún un lórúkọ yẹn kò gbé òórùn ẹ̀ pọ́n. Àbámọdá, ọ̀rọ̀ àdúrà ni. Ewé tí òyìnbó ń pè ní Chromolaena, tó ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá bò wá lóko mọ́lẹ̀, àwọn kan ń pè é ní ewé Awólọ́wọ̀, àwọn kan ní Akíntọ́lá tàkú. Ẹni tó bá mọ rògbòdìyàn Ìwọ̀ Oòrùn ní 1962, nígbà tí wọ́n ní kí Akíntọ́lá kúrò lórí àga tó ní òun ò lọ, á mọ̀ pé ewì olóṣèlú kúkúrú ni orúkọ yẹn. Gbólóhùn kan ṣoṣo, ó sì ti pẹ́ ju ọ̀pọ̀ ewé ìròyìn ìgbà yẹn lọ. (Northern Region ni àwa ará Kabba Province wà nígbà náà, ìjà yẹn kì í ṣe tiwa. Koríko náà ò bèèrè ààlà kó tó wọlé.)

Ṣé ẹ rí i báyìí? Nígbà tí akéwì wa sá lọ sọ́dọ̀ róòsì, kì í ṣe òdòdó nìkan ló fi sílẹ̀. Ó fi àwọn ewì tí àwọn àgbà ti kọ sínú orúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú.

Ibi tí mo ti rí i pé ẹwà àti orúkọ lè jókòó sórí pépà kan ni iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ewéko. Ní Ìbàdàn, ní Jericho Hills, ilé iṣẹ́ ìwádìí igbó ti ìjọba àpapọ̀, FRIN, ní yàrá kan tí wọ́n ń kó ewéko gbígbẹ sí, tí gbogbo ayé mọ̀ sí FHI. Ohun tó wà níbẹ̀ lé ní 100,000. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà lórí pépà líle, ewé, òdòdó, èso tó bá wà, pẹ̀lú ìwé kékeré ní igun kan: ẹni tó já a, ọjọ́ tó já a, ibi tó ti já a, bí igi náà ṣe ga tó, àwọ̀ òdòdó ẹ̀ kó tó gbẹ, àti orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè é. Wọn ò ṣe é kó lè dára. Ẹ wò ó, ó dára. Ewé kan gbọ́dọ̀ dojú bolẹ̀ kí a lè rí ẹ̀yìn ẹ̀, igi tó bá gùn jù, wọ́n á ká a kó lè gba pépà, kíká yẹn á sì fún un ní ìṣesí kan bíi ti ẹni tó ń jó. Z. O. Gbile ti FRIN ló kó orúkọ Yorùbá ewéko jọ sínú ìwé tó jáde ní 1984. Tí mo bá láṣẹ, màá ní kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ kọ ewì nínú ẹgbẹ́ wa ka ìwé yẹn tán kó tó mú bírò.

Kì í ṣe gbogbo pépà irú èyí ni mo lè yìn o. Charles Barter, ọmọ òyìnbó tó kọ́ṣẹ́ ní ọgbà Kew ní Lọ́ńdọ̀nù, bá ìrìnàjò Baikie wá sórí Odò Ọya ní 1857, ìrìnàjò tí Àjàyí Crowther náà bá wọn lọ. Ọkọ̀ wọn, Dayspring, fọ́ mọ́ àpáta nítòsí Jẹ́bbà ní October ọdún náà. Barter ń já ewé lọ, ó ń tẹ̀ wọ́n gbẹ, títí tó fi kú ní Rábà ní 1859. Àwọn ewéko ẹ̀ ṣì wà ní Kew. Mo fi fìlà sílẹ̀ fún un, iṣẹ́ ikú ni. Ṣùgbọ́n ibi tó yẹ kó kọ orúkọ ibi tó ti já wọn, lára púpọ̀ nínú wọn, ọ̀rọ̀ kan ló wà níbẹ̀: Nupe. Odindi ilẹ̀ Núpé, bí ẹni pé oko ẹnì kan ni! Abúlé wo? Etí odò wo? Ta ló fi ọ̀nà hàn án? Tí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá igi yẹn ṣì wà níbẹ̀ lónìí, ibo la ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀? Àríwísí tí mo ṣe fún Dickinson náà ni mo ṣe fún un: òdòdó wà, ilé ẹ̀ ò sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa bí iṣẹ́ náà ṣe rí lọ́wọ́, torí ibẹ̀ ni ọgbọ́n ẹ̀ pọ̀ sí. Ìrì gbọ́dọ̀ ti gbẹ kéèyàn tó já òdòdó. Nínú ìwé ìròyìn la ń tẹ́ ẹ sí, kì í ṣe ìwé tó ń dán, torí ìwé tó ń dán kì í mu omi. Ẹ gbé nǹkan wúwo lé e, ẹ sì máa pààrọ̀ ìwé náà lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ń ṣe é nígbà òjò tí kò pààrọ̀ ìwé, ó máa bu ni, á sì máa rùn. Ọyẹ́ ló dára jù, ṣùgbọ́n ọyẹ́ náà ní tiẹ̀: ewé á gbẹ kíákíá, á sì fọ́ bíi gúgúrú tí ọwọ́ bá wúwo. Àwọ̀ kì í dúró bákan náà. Yẹ́lò ló máa ń forí tì í jù. Òdòdó gíga bí ojú oòrùn tó kún ẹ̀bá ọ̀nà wa lápá ìparí òjò, tó ti ilẹ̀ Mẹ́síkò wá, tí àwọn kan ń pè ní jogbo, á ṣì máa tàn lórí pépà. Pupa a máa ṣú. Ewé tútù a máa di àwọ̀ tábà bí ọjọ́ bá ti ń lọ, pàápàá tí oòrùn bá ń kàn án.

Àwọn kan ò gbà kéèyàn tẹ̀ wọ́n. Gbúre, rínrín àti ọ̀dúndún kún fún omi. Tí ẹ bá tẹ̀ wọ́n báyẹn, wọ́n á jẹrà kí wọ́n tó gbẹ. Omi gbígbóná ni àwọn onímọ̀ máa ń rì wọ́n sí ná, kí wọ́n kú tán. Patanmọ́ ti pa itan ẹ̀ mọ́ kí ẹ tó gbé e dé àárín ìwé, nítorí náà ohun tí ẹ máa ní lórí pépà ni ìtìjú ẹ̀, kì í ṣe òun gan-an, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Ti àbámọdá ló wá pa mí lẹ́rìn-ín. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ ìwé atúmọ̀ èdè, mo gbé bíríkì lé e. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí mo ṣí i, ọmọ ti ń yọ ní etí ewé náà, nínú òkùnkùn, lábẹ́ bíríkì, àwọn gbòǹgbò tín-ín-tín ń wá ilẹ̀ lórí ìròyìn bọ́ọ̀lù. Ẹ mú dáfódìlì tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ wá.

Ní ti káàdì òdòdó gbígbẹ tí wọ́n ń tà nílùú ńlá, tí wọ́n fi gíláàsì bò tí wọ́n kọ “mo nífẹ̀ẹ́ rẹ” sí lábẹ́, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Èyí tí mo rí, gọ́ọ̀mù ti pọ̀ jù, wọ́n ti fi ọ̀dà kun awẹ́ òdòdó kí ó lè pupa sí i, wọ́n sì ti yọ ewé kúrò pátápátá. Òdòdó tí kò ní ewé, orí tí kò ní ọrùn ni. Kò sí ibi tó ti wá, kò sí orúkọ. Róòsì rọ́bà kan náà ni, pépà ni wọ́n fi pààrọ̀ rọ́bà.

Àmì orílẹ̀-èdè wa pàápàá jẹ irú gbèsè yìí. Òdòdó tó wà ní ìsàlẹ̀ ẹ̀, lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn ẹṣin funfun méjèèjì, Costus spectabilis ni, ìbátan tẹ̀tẹ̀rẹ̀gún. Ewé ẹ̀ mẹ́rin ló máa ń tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, kò ní igi tó ga, òdòdó á yọ láàárín wọn lórí ilẹ̀ gan-an. Àfi bí ẹni pé ó ti tẹ ara ẹ̀ kó tó di pé ẹnì kan tẹ̀ ẹ́. Yẹ́lò ni. Ó pọ̀ nínú àwòrán àmì náà tí mo ti rí lára ògiri ilé ìwé àti lórí kàlẹ́ńdà tó jẹ́ pé pupa ni wọ́n kùn ún. Ẹni tó kùn ún kò rí i rí. Àwa tí à ń wò ó láti jẹ́lé-ó-sinmi náà ò rí i rí, nítorí náà kò sẹ́ni tó pariwo.

Igi irú wá ńkọ́, tí mo fi pe àkọlé? Gbogbo wa la jẹ irú. Nínú ọyẹ́ sí ẹ̀ẹ̀rùn ni igi náà máa ń yọ òdòdó, nígbà tí ewé ẹ̀ ti dín: bọ́ọ̀lù pupa, ó rọ̀ sórí okùn gígùn, ó ń fì nínú afẹ́fẹ́ bíi yẹtí. Àdán ló máa ń wá mu oje inú ẹ̀ lóru. Robert Brown ló fún irú igi yìí lórúkọ Parkia, ní ìrántí Mungo Park, ẹni tí Odò Ọya gbé lọ ní Bùsà ní 1806. Orúkọ òyìnbó tó kú sómi ló wà lórí igi ọbẹ̀ wa nínú ìwé gbogbo àgbáyé, a ò sì kọ ewì kan ṣoṣo sí bọ́ọ̀lù pupa yẹn. Kò ṣeé tẹ̀ dáadáa, mo ti gbìyànjú, ó ki jù. Ẹ níláti là á sí méjì bí ọsàn kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Inú ẹ̀ á wá hàn, ọgọ́rọ̀ọ̀rún òdòdó wẹ́wẹ́ tó so mọ́ orí kan. Nínú gbogbo èyí tí mo ti ṣe, òun ló dára jù.

Ohun tó ń kán mi lójú báyìí ni pé oògùn apakoríko ti wọ gbogbo oko. Ẹ̀bá ọ̀nà tó ti Kabba wá sí Mopa tó lọ sí Ìsánlú, ibi tí wọ́n bá ti fín in, á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, rere àti búburú lọ pọ̀. Mi ò bá àgbẹ̀ jà, ẹni tí kò roko rí ni kó máa bá a jà. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà wa dárúkọ ewéko 31 fún mi nígbà tí wọ́n gbà pé iṣẹ́ ni mo fẹ́ fi ṣe. Mo ka ti àbúrò mi tó wà ní SS2: mẹ́fà, mẹ́ta nínú ẹ̀ jẹ́ ẹ̀fọ́.

Ẹ̀rọ fotokọ́pì tí ẹ ń bú pé ó ń ba ewì yín jẹ́ yẹn, òun ni mo fẹ́ ká lò. Ní 1843, Anna Atkins ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí gbé ewéko inú omi sórí pépà tí wọ́n ti fi oògùn pa, ó sá a sóòrùn, òjìji funfun ewéko náà dúró sórí aró. Ìwé tó fi ṣe ni àwọn onímọ̀ ń pè ní ìwé àkọ́kọ́ tó ní àwòrán fótò nínú. Tiwa rọrùn ju ìyẹn lọ. Ẹ gbé ewé tó ti gbẹ (kì í ṣe tútù, ẹni tó ni ẹ̀rọ á lé yín jáde) sórí gíláàsì, ẹ fi pépà funfun bò ó, ẹ tẹ bọ́tìnì. Gbogbo iṣan ewé máa jáde ní dúdú. Mo ti dán an wò ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá ọjà, náírà tí mo san kò tó ti búrẹ́dì. Ewé akòko jáde bíi máàpù ìlú tí mi ò dé rí.

Fún ìwé wa tó ń bọ̀, mo ti ní ojú ewé mẹ́rin: akòko pẹ̀lú òdòdó ẹ̀, patanmọ́ tó ń tijú, òdòdó igi irú tí mo là sí méjì, àti àbámọdá pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹ̀. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo kọ orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé wa, ibi tí mo ti já a, oṣù, àti ẹni tó sọ orúkọ náà fún mi. Àyè ṣì wà fún mẹ́jọ sí i. Ẹni tó bá ń ti Ìyàrá bọ̀, tàbí Ìjùmú, tàbí Bùnú, tàbí ilẹ̀ mìíràn pátápátá, kó mú tiẹ̀ wá. Tí orúkọ tó wà lẹ́nu ìyá yín bá yàtọ̀ sí tèmi, ẹ kọ méjèèjì síbẹ̀. Ewì tí ẹ bá fẹ́ kọ tì í, kò gbọ́dọ̀ ju ìlà mẹ́fà lọ, torí pépà ti wọ́n. Kó dé ọwọ́ mi kó tó di Ọjọ́bọ̀, nínú ìwé ìròyìn, kì í ṣe nínú ọ̀rá.